Ọdún Tí Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ Wọ Ilé Wa

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ohùn kan tí n kò tíì gbọ́ ní ilé ẹlòmíràn títí di òní. N kò sọ ti odó Màámi, nítorí odó ń dún ní gbogbo ilé Èkìtì, ẹni tí odó rẹ̀ bá sì dákẹ́ jù, àwọn aládùúgbò á wá béèrè bóyá àárẹ̀ ló ń ṣe é. Ohùn fọ́tò ni mò ń sọ. Bí wọ́n bá ti fọ fọ́tò tán, wọn á dojú rẹ̀ dé sára gíláàsì fèrèsé tí wọ́n nù mọ́ tónítóní, wọn á fi rọ́bà tẹ̀ ẹ́ kí omi ara rẹ̀ lè jáde, wọn á sì gbé gíláàsì náà sí oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án, nígbà tí gíláàsì bá gbóná, àwọn fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọn á sì máa já kúrò lára gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra wọn, pẹ̀lú ojú dídán: tàà. Màámi á dá odó dúró. Tàà, tàà. Ìyá tó bí Màámi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ló máa ń jókòó tì wọ́n lórí àpótí kékeré kan, pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń lé ewúrẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, ṣùgbọ́n bí fọ́tò kan bá ti dún, á ní, "Ó ti dìde." Bó bá mọ ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀, á dárúkọ rẹ̀: "Ìyàwó Tísà ti dìde." A jẹ́ pé kí èmi tàbí àbúrò mi sáré wá ṣa ìyàwó Tísà nílẹ̀ kí atẹ́gùn tó gbé e lọ.

Bàámi kì í ṣe ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí. Ará Ìkìrun ni, iṣẹ́ kámẹ́rà ló gbé e wá, Màámi ló sì dá a dúró. Ó ń sọ Yorùbá rẹ̀ bí ará Ọ̀ṣun, Màámi àti Yèyé ń fi Èkìtì dá a lóhùn, àwa ọmọ sì ń gbọ́ méjèèjì láàárín. Iná mànàmáná wà ní ìlú nígbà náà, bí a bá lè pe àlejò tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní onílé. Nítorí náà, oòrùn ni Bàámi fi ń ṣiṣẹ́. Ó lu ihò sí ara ògiri yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó gbé dígí kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, dígí yìí ló ń gba oòrùn tó sì ń dà á sínú ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá. Àwa ọmọ la máa ń yí dígí náà bí oòrùn bá ti ń rìn, Bàámi á sì máa pariwo láti inú lọ́hùn-ún pé, "Díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó." Òkè ló yí ìlú wa ká, oòrùn kì í sì í kánjú wá bá wa, kó tó gun orí òkè yọ sí wa, àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti sá aṣọ wọn gbẹ tán. Láàárọ̀, Bàámi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo orí òkè, á ní, "Ọ̀gá kò tíì dé ọ́fíìsì." Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo rí yàrá òkùnkùn àwọn mìíràn tí iná kì í kú níbẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ wọn kò dára ju ti Bàámi lọ. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ̀ pé mo ń fi bàbá mi yangàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n bí Bàámi ló ń ya fọ́tò, Màámi ló ń mú kó pẹ́. Lẹ́yìn gbogbo oògùn, háípò ni oògùn ìkẹyìn tí fọ́tò máa ń wọ̀, háípò tó bá sì ṣẹ́kù sára rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Omi nìkan ló ń yọ ọ́. Omi odò tó ń ṣàn láti ìdí òkè la máa ń pọn, omi tó tutù débi pé ó ń ta ni léyín, bàsíà Màámi sì máa ń tò lọ lẹ́bàá ògiri láti ilé ìdáná dé ìdí igi òroǹbó. Á mú fọ́tò kan, á fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ṣì ń yọ̀ díẹ̀, ó tán. "Fúnmi, dà á nù. Lọ pọn òmíràn." Ọrùn á ti máa dùn mí, oòrùn á ti máa ta mí, kò kàn án. Bí mo bá kùn, á ní, "Omi kò lọ́tàá. Háípò ló lọ́tàá." Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń pọn omi tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, èmi ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ ojú àwọn ará ìlú. Ojú ẹni tí n kò lè wò lójúkorojú ní ìta, bíi ti hẹ́dímásítà wa, ni mo máa ń tì bọ omi bí ẹní ń ti ẹ̀gẹ́ bọ omi.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, inú páálí aláwọ̀ ewé kan ni ìwé tí Bàámi ń tẹ fọ́tò sí ti máa ń wá. Wọ́n ya ilé gogoro kan sí ara rẹ̀, wọ́n sì kọ èdè kan sí abẹ́ ilé náà tí Bàámi pàápàá kò lè kà. Orí kántà níwájú ilé ni páálí náà máa ń wà, àwọn oníbàárà sì mọ̀ ọ́n. Fọ́tò ni wọ́n ń pe Bàámi. Wọn á ní, "Fọ́tò, páálí ewé ni kí o fi ṣe tèmi o." Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, rédíò Àkúrẹ́ sì ń sọ lójoojúmọ́ pé kí gbogbo wa fún ìgbànú wa le. Mílíìkì wọ́n, ọṣẹ wọ́n, kò sì pẹ́ tí páálí ewé pòórá lọ́jà pátápátá. Bàámi kọ́kọ́ ra ìwé kan tí ó rí bíi eérú. Ìyẹn kò já lára gíláàsì rárá. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, á kàn rọra yọ́ sílẹ̀ bí ewé tó rọ. Yèyé jókòó tì í títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ùwé yìí yadi." Bàámi dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni Pẹ́pẹ́yẹ dé. Ọ̀dọ̀ Alágbà kan tó ń ta ìwé fọ́tò ní Ìbàdàn ló ti rà á, inú àpò ìwé pupa ràkọ̀ràkọ̀ ló wà, wọ́n sì lẹ bébà funfun kan mọ́ iwájú àpò náà tí wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí. Kò sí ilé gogoro, kò sí èdè òkè òkun. Pẹ́pẹ́yẹ lásán, tó yẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé wọ́n pè é. Ó dínwó débi pé ojú ti Bàámi. Àwọn onífọ́tò yòókù ní àgbègbè wa ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní fọ́tò tí wọ́n bá tẹ̀ sí i á lúwẹ̀ẹ́ lọ kí ọdún tó yípo. Kí ni Bàámi ṣe? Ó wọ yàrá òkùnkùn lọ, ó kó ìwé Pẹ́pẹ́yẹ sínú páálí ewé àtijọ́, ó ju àpò rẹ̀ sí ibi tí a ti ń jó ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé, ó sì gbé páálí ewé padà sórí kántà. Màámi ní, "Baba Fúnmi, èyí kò dáa." Bàámi ní, "Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé páálí ewé ni? Páálí ló jókòó síbẹ̀, n kò bá a sọ̀rọ̀." Màámi wò ó títí. Ó ní, "Páálí ló ń bá yín sọ ọ́." Bàámi jáde lọ wò bóyá ọ̀gá rẹ̀ ti gun orí òkè.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọ wa ń múra láti ṣe ayẹyẹ ìrántí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé fọ́tò gbogbo àwọn àgbà ìjọ kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti lọ, fọ́tò ńláńlá tí ọmọ ọmọ á wá máa wò. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn ni onífọ́tò ìlú. Ẹni tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ti ń retí rẹ̀, kí ó ká kámẹ́rà rẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa gbé ìyàwó tuntun tàbí ọmọ àkọ́bí wá bá a mọ́. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó ga, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan páálí ewé lórí kántà. "Ùwé yìí gan-an lo fi ṣe ti ìyàwó mi. Ó wà lára ògiri mi bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo gbà á. Èyí la fẹ́." Bàámi ṣí ẹnu láti dáhùn. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ewúrẹ́ Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Kánsẹ́lọ̀ la máa ń pe ewúrẹ́ yìí nítorí pé ó ń wọ gbogbo ilé láìkan ilẹ̀kùn. Ó gbé àpò Pẹ́pẹ́yẹ sẹ́nu, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dúró síwájú Bàbá Ìjọ, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ ní ìrọ̀rùn.

Bàbá Ìjọ gba ìyókù àpò náà lẹ́nu ewúrẹ́. Ó wo pẹ́pẹ́yẹ, ó wo páálí, ó wo bàbá mi. "Fọ́tò, ṣé èyí ló wà nínú ìyẹn?" Wọ́n bi Bàámi léèrè lójúkojú, kò sì purọ́. Ó ní, "Òun ni, Bàbá." Ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn rẹ́rìn-ín sínú agbádá. Bàbá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká ní àlejò ṣì ni ọ́, mi ò bá máa bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àna wa ni ọ́ ní ùlú yìí. Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?" Bàbá Ìjọ gbé àpò tí ewúrẹ́ ti jẹ lé orí kántà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "A ó lọ rò ó. Adó kò kúkú jìnnà, onífọ́tò sì wà níbẹ̀." Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Yèyé dé láti ẹ̀yìn ilé, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, nígbà tí wọ́n sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ń jókòó ti ewúrẹ́ yìí láti ọdún tó lọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo dìde lọ tọ̀ ló mọ̀ tó yẹ kó wá."

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ní ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì mi tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ, ìdí síhìn-ín ìdí sọ́hùn-ún. Mo na ọ̀kan nínú wọn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé. Ọ̀rẹ́ Bàámi kan wà ní Èkó tó ń bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ṣiṣẹ́, ó pẹ́ tó ti ń ní kí Bàámi wá máa bá wọn ya fọ́tò afárá àti katakata. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo rí i tó ká aṣọ dúdú tó máa ń fi borí nídìí kámẹ́rà ńlá, tó ká a wẹ́wẹ́ bí ẹní ká aṣọ òkú. Màámi ń gúnyán. Ó gún iyán ọjọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Èmi ò ní tẹ̀ lé yín lọ sí Èkó lọ máa jẹ ẹ̀bà o. Ìyá mi wà níbí, omi mi wà níbí. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lọ." Bàámi ní, "Mo ti gbọ́." Iyán náà fẹ́lẹ́, ó dán, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ tán. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilé wa ti fẹ́ pín sí méjì, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi ta ni n óò tẹ̀ lé.

Pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló kù nílẹ̀ tí Bàámi ní láti parí. A fọ̀ wọ́n, a tẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì, a gbé wọn sí oòrùn, Yèyé sì gbé àpótí rẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tàà. Yèyé kò sọ pé ó ti dìde. Tàà, tàà. Ó na ọwọ́ sí mi. "Fúnmi, ṣé páálí ewé ti padà dé ni?" Mo ní, "Rárá, Yèyé, Pẹ́pẹ́yẹ ni." Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé páálí ewé ni bàbá rẹ ń rà." Ó tún gbọ́ òmíràn, ó mi orí. "Ohùn kan náà ni. Ulé kan ni wọ́n ti bí wọn." Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i ní ìdúró. Yèyé tiwa kò rí nǹkan kan. Ó kàn ń gbọ́ ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ohun tí àwa tó lójú ń sáré ṣà nílẹ̀. Bàámi, tó ń di ẹrù lọ́wọ́, ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti ìyà tó ń jẹ mí." Ṣùgbọ́n Màámi ti dìde. Iṣu ń hó lórí iná. Ó lọ mú àpò Pẹ́pẹ́yẹ kan níbi ìdọ̀tí, ó ṣí ìkòkò, ó sì na àpò náà sórí ooru iṣu. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti rí i pé bébà pẹ́pẹ́yẹ yẹn ń ká létí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, pé nǹkan mìíràn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Bébà náà rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni àyà rẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú iṣu, ilé gogoro ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé gogoro kan náà, pẹ̀lú èdè tí a kò lè kà. Bàámi gbé páálí ewé wá, ó fi wọ́n síra. Ó jókòó sórí odó, ohun tí Yèyé kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Iṣu náà la jẹ lọ́sàn-án yẹn, Màámi kàn yọ pẹ́pẹ́yẹ kúrò lórí rẹ̀.

Bàámi kò lè sùn lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ mọ́tò, ó gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Iléṣà, ó di Ìbàdàn, ó lọ bá Alágbà tó tà á fún un. Títí ó fi kú ni Bàámi máa ń sín ẹ̀rín ọkùnrin yẹn jẹ fún wa. Ó ní Alágbà rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí tábìlì mú. "Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa wá bi mí." Ó ní ìwé ṣẹ́kù gọbọi sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ewé, wọ́n sì fẹ́ tà á lọ́pọ̀. Wọn kò fẹ́ kí orúkọ wọn wà lára èyí tó dínwó kó má baà ba èyí tó wọ́n jẹ́, ni wọ́n bá ní kí ó fi orúkọ tirẹ̀ sí i. "Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń rò ó. Pẹ́pẹ́yẹ ìyá mi ló ń kọjá." Kò sí ìdí mìíràn. Ó ní ilé gogoro yẹn wà létí odò kan ní ìlú àwọn tó ṣe ìwé náà, àti pé inú òkùnkùn làwọn obìnrin ibẹ̀ ti máa ń gé e, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo máa ń rò ó pé àwọn obìnrin kan wà ní ìlú òtútù tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ìwé nínú òkùnkùn, tí Màámi sì ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ ra ìwé kan náà nínú omi òkè wa, tí wọn kò ní mọ ara wọn láé.

Mo rò pé Bàámi á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, á sì sáré lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ. Kò lọ. Ó jókòó, ó di ojú rẹ̀ mú. Ó ní, "Irọ́ tí mo pa ti jẹ́ òótọ́ kí n tó pa á. Kí ni wọ́n ń pe irú ìyẹn?" Yèyé ní, "Irọ́ ni. Ùwé kò ṣẹ̀. Ìwọ lo ṣẹ̀. Dìde ká lọ." Ó ní kí n mú òun lọ́wọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ilé Bàbá Ìjọ. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo gbé pamọ́ ni mo wá tọrọ àforíjì lé. Ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé lẹ́nu mi." Yèyé ló sọ ti ìwé. Bàbá Ìjọ gbọ́ ọ títí dópin, ó ní, "Etí ni ẹ fi mọ̀ ọ́n, Yèyé?" Yèyé ní, "Ìwọ náà létí. Gbé ìyàwó rẹ sọ̀kalẹ̀ lára ògiri lọ́la, kí o wá gbọ́ fúnra rẹ."

Ó wá. Inú agbádá rẹ̀ ló gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ sí, àwọn àgbà méjì ọjọ́sí sì tẹ̀ lé e. Bàámi ti wá fíìmù ìyàwó náà rí nínú àpótí rẹ̀, ó ti fi Pẹ́pẹ́yẹ tẹ òmíràn jáde, ó tóbi bákan náà. Nígbà tí Màámi gba fọ́tò àtijọ́ yẹn tó fẹ́ rì í sómi, Bàbá Ìjọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé kò ní bàjẹ́?" Màámi ní, "Bàbá, omi ni wọ́n ti bí i. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́." Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n tẹ méjèèjì mọ́ gíláàsì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ Yèyé, a sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, àgbà ìjọ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì wa, à ń dúró de oòrùn. Bàbá Ìjọ ní òun fẹ́ gbọ́ ọ bí Yèyé ṣe ń gbọ́ ọ, ó di ojú. Màámi dá odó dúró. Kánsẹ́lọ̀ pàápàá wà lórí ìso.

Tàà.

Bàbá Ìjọ mí kanlẹ̀, kò sì la ojú. Ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Mo gbọ́ ọ." Yèyé na ọ̀pá rẹ̀ sí gíláàsì ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn."

Èkejì náà já. Bàámi ṣà wọ́n, ó gbé méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ìyàwó kan náà, gèlè kan náà, ojú kan náà tó ń dán. Ojú ihò ìṣó tó wà létí ọ̀kan nìkan ni wọ́n fi lè mọ èyí tó pẹ́. Bàbá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣí fìlà, tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì lè sọ èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi yẹn. "Ó máa bú mi bí mo bá dé ọ̀hún. Á ní mo pe òun ní pẹ́pẹ́yẹ." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bàámi. "Ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ni kí n máa rí lórí kántà." Ó kó fọ́tò méjèèjì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, àpò Pẹ́pẹ́yẹ ló wà lórí kántà wa, ní ìta gbangba, páálí ewé sì di ibi tí Màámi ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí. Bàámi tú ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò jáwọ́ nínú rírìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bẹ́ẹ̀, mò ń wú àyà, ó sì sú wọn. Mo lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ yẹn láìpẹ́ yìí. Àwọn àgbà ṣì wà lára ògiri. Funfun wọn funfun, dúdú wọn dúdú, kò sí pupa rúsúrúsú lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ rí i pé mò ń wò wọ́n. Ó ní, "Mọ́mì, irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ya ìwọ̀nyí tí wọ́n fi pẹ́ báyìí?" Mo ní, "Omi ni." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Fọ́tò tó wà nínú fóònù mi pọ̀ ju èyí tí Bàámi yà láyé rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dún rí.

Ọyẹ́ ọdún Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ni Yèyé lọ. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Ó ní òtútù ń mú òun, ó sùn, kò jí. Bàámi ti yà á lórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ewúrẹ́ lọ́wọ́, fọ́tò náà ni wọ́n sì fẹ́ gbé síwájú ilé fún ìsìnkú. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé Pẹ́pẹ́yẹ, èyí tó tóbi jù tó ní. Mo pọn omi rẹ̀ láìkùn. Màámi wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ léraléra, nígbà tí kò yọ̀ mọ́ pàápàá ó tún wẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n gbé e sí oòrùn. Kò sí ẹni tó jókòó tì í. Kánsẹ́lọ̀ yọjú, ó ń gbóòórùn gíláàsì, mo sì rí i pé bí ẹnikẹ́ni kò bá dìde, ewúrẹ́ á jẹ Yèyé. Mo mú ọ̀pá, mo lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ọyẹ́ mú oòrùn ṣe bíi pé kò ní lágbára, a sì dúró pẹ́. Bàámi jáde láti yàrá òkùnkùn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màámi, tó ń gún iyán àwọn àlejò, gbé ọmọ odó sókè, kò sì jẹ́ kó balẹ̀.

Tàà.

Gbogbo wọn wò mí. Mo mọ̀ pé èmi ló kàn. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Yèyé ti dìde."

Màámi sì dá ọmọ odó padà sínú odó.